Akọ̀wé Tó Fọwọ́ Síwèé fún Òkú

Ọ̀lẹ ni ọkùnrin yìí, ọ̀lẹ tó tún mọ irọ́ pa. Akọ̀wé ni ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta ẹ̀rọ ìránṣọ fáwọn télọ̀, tí wọ́n á máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Jókòó-ṣe-é làwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é.

Òfin ò gbà kí wọ́n ṣàdédé gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí oníbàárà bá jẹ gbèsè oṣù méjì, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìwé ìkìlọ̀ sí i, kí wọ́n fún un ní ọjọ́ mẹ́rìnlá, kí àdéhùn tó tú ká. Jókòó-ṣe-é ló yẹ kó mú ìwé náà lọ, kí oníbàárà fọwọ́ sí i. Àmọ́ kò fẹ́ràn àtimáa gun àtẹ̀gùn ilé àwọn oníbàárà rárá. Ìdí tábìlì ló ń jókòó sí, á mú bírò, á fọwọ́ sí i fún gbogbo wọn.

"Ṣé o dé ọ̀dọ̀ wọn?" ni ọ̀gá rẹ̀ máa ń bi í.

"Mo dé ibẹ̀, sà. Wọ́n tiẹ̀ ní kí n kí yín."

Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun.

Obìnrin télọ̀ kan wà ní àjà kẹta ilé kan. Ọkọ rẹ̀ ló gba ẹ̀rọ lórúkọ ara rẹ̀. Nígbà tí ọkọ kú, ìyàwó ń san án lọ, títí àìsàn fi dá a dùbúlẹ̀, tí kò rí owó oṣù méjì san. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà wá gbé ẹ̀rọ náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, mi ò rí ìwé kankan," ló ń wí. "Òun lèmi àtàwọn ọmọ fi ń jẹun."

Wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀ lọ. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti tà á.

Obìnrin náà pè wọ́n lẹ́jọ́. Adájọ́ na ìwé ìkìlọ̀ náà sí Jókòó-ṣe-é. "Ṣé ọkọ obìnrin yìí ló fọwọ́ sí i?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Olúwa mi. Ojú mi ló ṣe. A tiẹ̀ jọ ṣàwàdà."

Obìnrin náà bú sẹ́kún. "Olúwa mi, ó ti pé oṣù méje tí mo ti sin ọkọ mi kí wọ́n tó kọ ìwé yìí."

Adájọ́ rí i pé irọ́ ni. Ilé-iṣẹ́ san ẹ̀rọ tuntun padà, wọ́n sì rán akọ̀wé lọ sẹ́wọ̀n ọdún méjì.

Eérú ń tọ ẹni tó dà á. Ìyá rẹ̀ ṣàìsàn nílé, wọ́n kọ lẹ́tà sí i pé kó tọrọ àyè wá rí i. Wọ́dà ọgbà ẹ̀wọ̀n gba lẹ́tà náà, ó jù ú sínú dúrọ́ọ̀. Ìyá ti lo ọjọ́ mọ́kànlélógún nínú ilẹ̀ kí wọ́dà tó rántí. "Mo rò pé mo ti fún ẹ ni," ló wí, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jẹ́ ká fi èyí kọ́gbọ́n. Iṣẹ́ tá a kà sí kékeré lè jẹ́ oúnjẹ ọmọ ẹlòmíì. Bí wọ́n bá fi ìwé rán wa sí ènìyàn, ká gun àtẹ̀gùn náà, ká fi lé e lọ́wọ́.