Ẹlẹ́rìí Ẹgbẹ́ Bàálù Ogun

Ọ̀ṣúndé kọ ìtàn ẹgbẹ́ bàálù ìjọba kan tó ja ogun Bìáfírà, ilé ìtẹ̀wé sì kọ̀ ọ́. Wọ́n ní àfi tó bá rí ọ̀kan tó ṣì wà láàyè nínú àwọn tó fò. Ọ̀ṣúndé ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ ìròyìn, ó sì máa ń fọ́nnu pé òun kò ṣi ọ̀rọ̀ kọ rí. Ó wọkọ̀ láti Ìbàdàn, ó sọ̀ ní Iweka Road nílẹ̀ Bìáfírà àtijọ́, ó sì lọ bá Jùmọ̀kẹ́, ìbátan rẹ̀ tó ń ṣerun ní ọjà Ochanja.

"Bàbá Ọládìran, télọ̀ ní àdúgbò Fegge, ni kí ẹ lọ bá," ni Jùmọ̀kẹ́ wí. "Ọmọ Ìwó ni wọ́n. Tí wọ́n bá dá ọ̀rọ̀ bàálù yẹn sílẹ̀, ẹ máa sùn lọ."

"Ọmọ Ìwó? Ó parí!"

"Ẹ tiẹ̀ kọ́kọ́ bi wọ́n ná, ẹ̀gbọ́n."

Ọ̀ṣúndé ti dé ẹnu ọ̀nà.

Bàbá ń gé aṣọ lọ́wọ́. "Ariwo yẹn ò kúrò létí mi dòní," ni wọ́n wí. "Ibẹ̀ há. Àwa mẹ́rin, a fún mọ́ra bí ẹja inú agolo."

"Ẹ̀rù ò bà yín, sà?"

"Mo tọ̀ sára! Àwọn yòókù ń fi mí ṣẹ̀sín."

Ọ̀ṣúndé kọ ọ́ sílẹ̀ pé akíkanjú kì í yin ara rẹ̀.

"Àwọn mẹ́ta yẹn ńkọ́, sà?"

"Wọ́n kú lọ́jọ́ náà. Èmi ojo ni Ọlọ́run yọ."

Bàbá padà sídìí aṣọ tí wọ́n ń gé. Ọ̀ṣúndé kò bi wọ́n ní nǹkan mìíràn mọ́. Ọmọlúàbí kì í fi ọ̀rọ̀ wá àgbà lẹ́nu wò bí ọlọ́pàá.

Inú ilé ìtẹ̀wé dùn sí orí ìwé tuntun náà. Wọ́n ní kí Bàbá ṣáà fọwọ́ sí i. Ọ̀ṣúndé padà sí Fegge, ó sì fi ohùn òkè kà á níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ń túmọ̀ rẹ̀ sí pijin fún àwọn aládùúgbò: bí Ọládìran ṣe ń já wálẹ̀ sórí ìlú bí àṣá.

Obìnrin tó ń ta ọkà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ dìde. "Papa! Na you bomb us?"

Bàbá gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀. "Ọmọ mi," ni wọ́n sọ fún Ọ̀ṣúndé, "n ò wọ bàálù rí; inú kòtò tá a gbẹ́ sẹ́yìn ilé yìí la wà nígbà tí àwọn akíkanjú yín ju bọ́ǹbù lù wá." Ìwé náà kò tíì jáde.