Tàdáwà Ìbíwùmí

Ẹ̀rù ṣì ń bà mí bí mo ṣe ń kọ èyí. Oṣù kẹta rèé tí a sin Ìbíwùmí, ọmọ wa. Obìnrin ará Ṣáínà kan ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi búrọ́ọ̀ṣì àti tàdáwà ya òdòdó àti ẹyẹ sórí bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Lánàá, bí ilẹ̀ ṣe ṣú, a gbọ́ tí nǹkan ń ta omi nínú yàrá rẹ̀. Mo ní bóyá eku ni. Ṣùgbọ́n eku kì í gbọn búrọ́ọ̀ṣì sétí abọ́.

Ìyàwó mi di aṣọ mi mú. "Bàbá Ìbíwùmí, ẹ má lọ."

"Ọmọ mi ni."

Mo gbé àtùpà, ó tẹ̀ lé mi. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì náà dá dúró ṣánṣán lórí bébà, ó ń rìn. Ó fa ẹ̀ka kan, ó ya ẹyẹ lé e, jẹ́jẹ́, bí ọmọ mi ṣe máa ń ṣe é gẹ́lẹ́.

Mi ò lè pa á mọ́ra. "Ìbíwùmí, jẹ́ kí n rí ojú ẹ."

Búrọ́ọ̀ṣì dúró sójú kan. Tàdáwà ń ràn lábẹ́ rẹ̀, ó ń ràn, títí ó fi bo ẹyẹ náà mọ́lẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì wá ṣubú.

"Ẹ ò bá ti dákẹ́," ni ìyàwó mi wí. "Ẹ ò bá sáà ti dákẹ́."