Ẹni Tí Ìran Yàn

Ìgbàkígbà tí Salome bá ti Àbújá dé, Ruth ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló máa ń pọn omi ìwẹ̀ fún un. Kò sẹ́ni tó rán an. Ó kàn fẹ́ kí ìyá wọn rí i.

Dókítà ni Salome. Ruth ń ránṣọ ní àdúgbò Noman's Land, ó sì ń bá ìyá wọn gbé nínú yàrá méjì tí bàbá wọn àgbà, òṣìṣẹ́ rélùwéè, fi sílẹ̀ ní Sabon Gari. Gbogbo ìjọ ló mọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Ruth wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá, tí Salome jẹ́ méjìlá, Wòlíì Japhet kéde ìran kan lórí pẹpẹ: òun rí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Ìyá Ruth nínú aṣọ funfun, láàárín àwọn aláìsàn, ní ìlú tó jìnnà. Ó dárúkọ Salome. Ó ní èkejì yóò dúró ti ìyá rẹ̀.

Ruth ló máa ń gba ipò kìíní ní kíláàsì. Salome fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì nínú ìdánwò JAMB, kò sì sunkún. "Wọ́n ti rí mi níbẹ̀ ná," ló wí, ó sì tún padà lọ ṣe é. Ruth náà ṣe JAMB lẹ́ẹ̀kan. Ó yege. Ó ká èsì náà sábẹ́ ẹní, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ni yóò bá Ọlọ́run jiyàn?

Lọ́jọ́ tí Salome ń lọ sí yunifásítì, ìyá wọn di kúlíkúlí fún un, ó ní kó yára kí mọ́tò má baà fi í sílẹ̀. Nígbà tí Ruth lọ sí Kàdúná fún ọjọ́ mẹ́ta péré, ìyá yìí kan náà kò jẹun, ó ń pè é lórí fóònù ṣáá. Ọkùnrin méjì ti wá tọrọ Ruth. Ìyá wọn rí àbùkù lára àwọn méjèèjì.

"Ọmọ ọ̀dọ̀ ni mo jẹ́ nínú ilé yẹn," Ruth sọ fún Ramlat tí wọ́n jọ ń ránṣọ. "Salome ni ọmọ."

"Haba, Ruth," ni Ramlat wí.

Ní oṣù tó kọjá, Salome mú fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kan wá láti Àbújá.

"Sístà mi, ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n máa parí gbígbà á. Ẹ kàn kọ orúkọ yín sí i. Ẹ máa gbé lọ́dọ̀ mi."

"Ṣé o ti gbàgbé ohun tí wọ́n rí ni?"

"Mi ò gbàgbé. Ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ bóyá ìran yẹn ló gbé mi débẹ̀, àbí torí pé mo gbà á gbọ́."

Ruth wo ọwọ́ àbúrò rẹ̀, ó rí bó ṣe rí múlọ́múlọ́. "Ó rọrùn fún ẹ láti sọ bẹ́ẹ̀," ló dáhùn.

Síbẹ̀, kò ya fọ́ọ̀mù náà. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ó lọ bá Wòlíì Japhet ní Railway Quarters. Bàbá náà ti darúgbó, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Abẹ́ igi dongoyárò ló jókòó sí. Ruth kúnlẹ̀.

"Baba, ẹni tí ẹ ti rí pé yóò dúró, ṣé ó lè lọ?"

"Ruth nìyẹn?"

"Èmi ni, sà."

"Ṣé ìyá rẹ mọ̀ pé o wá síbí?"

"Rárá, sà."

Bàbá náà fi ọwọ́ nu ẹnu.

"Ìwọ ni mo rí nínú aṣọ funfun yẹn," ló wí, "mo sì kọ́kọ́ lọ sọ ọ́ fún ìyá rẹ nílé kí n tó kéde, ló bá di ẹsẹ̀ mi mú, ó ní kí n dárúkọ Salome, pé bí Salome bá lọ, òun á fara dà á, ṣùgbọ́n òun ò lè wà láyé yìí láìsí ìwọ."