Orí Tí Gbogbo Ìjọ Ń Wò Kí Wọ́n Tó Ṣe Àmín

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ ní ẹ ti mọ ibi tó ń lọ. Ẹ kà á tán, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó fẹ́ fi ipò sílẹ̀, pàápàá tó bá jẹ́ ẹni tí gbogbo èèyàn fẹ́ràn. Irú wọn ló wà nínú ewu jù.

1.
Láti ìgbà tí ìjọ náà ti ń yá bẹ́ǹṣì jókòó ni Bàbá Pásítọ̀ ti ń darí wọn. Nígbà tí orúnkún ò jẹ́ kó lè dúró wàásù mọ́, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n wá ẹlòmíì. Wọ́n rí ọkùnrin kan tó ti ṣe tíṣà rí, oníwà tútù. Bàbá gbé ọwọ́ lé e lórí, ìjọ pàtẹ́wọ́, gbogbo rẹ̀ lọ geere. Wọ́n wá gbé àga kan fún Bàbá sí ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ, níbi tí gbogbo ojú ti lè tó o. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

2.
Tí pásítọ̀ tuntun bá sọ ọ̀rọ̀ tó wọni lára, ìjọ ò ní dáhùn. Wọn á kọ́kọ́ wo Bàbá. Bí Bàbá bá mi orí, "Àmín" á gba ilé kan. Bí kò bá mi orí, kẹ́kẹ́ á pa mọ́ gbogbo wọn lẹ́nu. Lọ́jọ́ kan, oorun gbé Bàbá lọ nínú ìwàásù, ẹnikẹ́ni ò ṣe Àmín títí wọ́n fi ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kà á, ṣé ẹ rò pé Bàbá ò mọ̀? Ó mọ̀ dáadáa. Ó ń dùn mọ́ ọn ni.

3.
Ọmọbìnrin aránṣọ kan àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ lọ bá pásítọ̀ tuntun pé àwọn fẹ́ ṣègbéyàwó. Iwájú rẹ̀ níbẹ̀ ni wọ́n ti bú ara wọn. Ó ní, "Ẹ ṣe sùúrù. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ parí ẹ̀kọ́ ìgbéyàwó yín."

Wọ́n gba ilé Bàbá lọ tààrà. Bàbá ò bi wọ́n pé kí ni pásítọ̀ sọ. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ lọ mú ọjọ́."

Wọ́n gbé ọjọ́ fún akọ̀wé ìjọ pé Bàbá ti fọwọ́ sí i. Lọ́jọ́ Sunday, akọ̀wé kéde rẹ̀. Orí pẹpẹ ni pásítọ̀ wà nígbà tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ, bí àlejò. Kò bínú. Ó sọ fún àwọn alàgbà lẹ́yìn ìsìn pé òun máa lọ. Ìjọ pín sí méjì. Àwọn kan ní kó máa lọ, àwọn kan ní tó bá lọ, àwọn náà ń lọ. Ìdajì ẹgbẹ́ akọrin ò wá mọ́.

4.
Bàbá délé, ó ń ráhùn fún ìyàwó rẹ̀ tó ń ṣa ẹ̀wà.

"Ọmọ yẹn ò ní ìfaradà."

"Dádì, ẹ gbé ẹrù lé e lórí, ẹ ò yọwọ́ yín. Báwo ló ṣe fẹ́ rìn?"

"Ṣé èmi ni mo pè wọ́n? Àwọn ni wọ́n ń wá mi wá."

"Ẹ̀yin lẹ̀ ń ṣílẹ̀kùn fún wọn. Ìjọ tẹ́ ẹ fi gbogbo ọjọ́ ayé yín kọ́, ẹ máa fọwọ́ ara yín tú u ká."

Bàbá dìde, ó wá bàtà rẹ̀. Ẹ̀rù bà á gan-an.

5.
Ó wọ́ orúnkún rẹ̀ dé ilé pásítọ̀. Ó bá a tó ń di ìwé sínú páálí.

"Ọmọ mi, dákun má lọ. Èmi ni mo ṣẹ̀ ọ́."

"Bàbá, mi ò bá yín jà. Mi ò kàn mọ ẹni tó ni ìjọ tí mò ń darí ni."

Lọ́jọ́ Sunday, Bàbá dìde níwájú gbogbo èèyàn, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ pásítọ̀. Ó ní kí àwọn ọmọ méjì yẹn padà lọ parí ẹ̀kọ́ wọn. Ó fi kún un pé, "Ẹni tó bá tún gba ẹ̀yìn pásítọ̀ wá sílé mi, omi tútù ni màá fún un mu, màá sì ní kó máa lọ." Wọ́n rẹ́rìn-ín, ọkàn wọn sì balẹ̀; pásítọ̀ ò lọ mọ́. Bàbá àti ìyàwó rẹ̀ wá lọ bá ọmọbìnrin wọn gbé nílùú mìíràn fún ìgbà pípẹ́.

6.
Nígbà tí wọ́n padà, ilé ìjọsìn ti kún dé ẹnu ọ̀nà. Obìnrin kan tó ń tọ́ èèyàn sí ìjókòó kí wọn.

"Bàbá, ẹ káàbọ̀ o. Ṣé ẹ ti wá síbí rí?"

Ìyàwó rẹ̀ fi ìborùn bo ẹnu. Bàbá ní, "Ó ti pẹ́ díẹ̀."

Obìnrin náà fi wọ́n sí àárín àwọn àlejò. Nígbà tí pásítọ̀ ní kí àwọn àlejò dìde, Bàbá dìde pẹ̀lú wọn. Ẹ̀rín pa pásítọ̀ débi pé kò lè sọ̀rọ̀. Àwọn tó mọ Bàbá hó yèè, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n ń bèèrè pé ta nìyẹn.

Bàbá yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Ìyá, ìdajì àwọn èèyàn yìí ni mi ò mọ̀."

"Ṣé ó dùn yín?"

"Rárá o," ni Bàbá wí, ó ń nu ojú. "Ara mi balẹ̀ ni."

Ẹ̀yin àgbà, mo bẹ̀ yín, tẹ́ ẹ bá ti gbé e sílẹ̀, ẹ yọwọ́ kúrò. Orí yọ Bàbá yìí; gbogbo èèyàn kọ́ ni orí ń yọ. Ẹ̀yin ọmọ ìjọ náà, ẹ má fi ìfẹ́ tí ẹ ní sí ẹni àná ba iṣẹ́ ẹni òní jẹ́. Àwọn àgbà ló sọ ọ́: bí iná bá kú, a fi eérú bojú; bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò.