Ohùn Ìyàwó Inú Rédíò

Nígbà tí ilé iṣẹ́ rédíò àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn eré àtijọ́ padà sórí afẹ́fẹ́, àṣẹ kan jáde nílé awakọ̀ ojú irin tó ti fẹ̀yìn tì: kí ẹnikẹ́ni má fọ abọ́, kí ẹnikẹ́ni má wúkọ́, títí eré ọ̀sán yóò fi parí.

Ìyàwó rẹ̀ ni ẹnikẹ́ni. Àwọn méjèèjì nìkan ló kù nínú ilé.

Nínú eré náà, ọkọ a fi ariwo wọlé, ìyàwó a fi ohùn tó dùn bí oyin kí i, a bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, a sì tọrọ àforíjì lórí ohun tí kò ṣe. Awakọ̀ a fẹ̀yìn ti àga, a máa mi orí.

“Ṣé ò ń gbọ́? Obìnrin nìyẹn. Kì í ṣe ìwọ tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń lé ewúrẹ́.”

“Baba àwọn ọmọ, ìwé lẹni yẹn ń kà. Ẹ kọ tèmi náà fún mi, kí ẹ sanwó, kí ẹ wá gbọ́ bí màá ṣe dùn tó.”

“Owú ló ń jẹ ọ́.”

“Owú kẹ̀? Mi ò tíì rí i kó wá fọ ṣòkòtò yín rí.”

Eré parí, ọmọbìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìròyìn. Awakọ̀ pòṣé.

“Ẹ wo ayé! Nígbà tiwa, ta ló jẹ́ rí ọmọbìnrin nílé iṣẹ́ rédíò? Ìdí ààrò ni wọ́n wà. Ẹ̀kọ́ ilé wà nígbà náà.”

Lẹ́yìn ìròyìn, ọmọbìnrin náà kéde pé àwọn ti rí ẹni tó ṣe ìyàwó nínú eré. Ó ṣì le koko, ó ń dá gbé, yóò sì wá kí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ wọn lọ́la.

Awakọ̀ dìde.

“Ó ń dá gbé! Mò ń lọ bá a. Bó bá ti gbà fún mi, palẹ̀ ẹrù rẹ mọ́. Etí mi fẹ́ sinmi.”

“Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ wí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni mo wí.”

Ìyàwó kò dúró dọ̀la. Ó pe ọmọ wọn obìnrin pé kó gbé mọ́tò wá. Ó kó aṣọ, ó kó ìkòkò, ó kó ṣíbí ìsebẹ̀.

“Ẹ jẹ́ kó wá fi ohùn dídùn se oúnjẹ fún yín,” ló wí, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ kejì, awakọ̀ wọ kóòtù tó wọ̀ lọ́jọ́ tó fẹ̀yìn tì, ó fín lọ́fínńdà títí ó fi ń sín. Ó bá àwọn baba mìíràn lórí bẹ́ǹṣì níwájú yàrá àlejò, bàtà kóówá ń dán bíi dígí. Kò kí ẹnì kankan. Ó ké sí obìnrin tó ń ṣọ́nà.

“Wọlé lọ sọ fún un pé ọkọ rẹ̀ dé.”

Obìnrin náà wò ó tẹsẹ̀ torí, ó fọwọ́ bo ẹnu, ó wọlé lọ jíṣẹ́.

Ilẹ̀kùn ṣí, baba arúgbó kan tó pá lórí, tí irùngbọ̀n funfun bo àyà rẹ̀, tẹ̀pá jáde, ó wo gbogbo wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ bẹ́ǹṣì dé òpin, ó sì fi ohùn tó dùn bí oyin béèrè pé: “Wọ́n ní ọkọ mi dé, èwo ni nínú yín?”