Ẹ Má Kanlẹ̀kùn, Mò Ń Kàwé

Ní 1987, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ìlú kan ní Ifọ̀ kéde pé àwọn yóò rán ọmọ Fọ́ọ̀mù Fáìfù kan ṣoṣo lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ni lọ́fẹ̀ẹ́. Ìdánwò ni wọn yóò fi mú un. Sátidé tó kẹ́yìn oṣù ni wọ́n dá.

Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé Mọ́fẹ́yìsára ni yóò mú un. Mọ́fẹ́yìsára pàápàá mọ̀. Ọ̀dọ̀ Àbẹ̀bí, àbúrò ìyá rẹ̀ tó ń ránṣọ nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ló ń gbé. Àbẹ̀bí ti sọ fún un láìfi epo bọyọ̀ pé òun ò lówó kọ́lẹ́ẹ̀jì. Bí ìdánwò yìí bá bọ́, ẹ̀rọ ìránṣọ kejì wà ní ṣọ́ọ̀bù tó ń dúró dè é.

Nígbà tí ilé-ìwé fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì láti kàwé nílé, Mọ́fẹ́yìsára fi báírò pupa kọ táìmù-tébù sórí páálí: Ìṣirò láti aago mẹ́fà àárọ̀, Gẹ̀ẹ́sì láti mẹ́jọ, ìsinmi ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó lẹ páálí mìíràn mọ́ ara ilẹ̀kùn ìta: Ẹ má kanlẹ̀kùn, mò ń kàwé. Kò tún yọjú síta mọ́.

Abẹ́ igi máńgòrò inú ọgbà ilé-ìwé ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń kàwé. Wọn a máa bi ara wọn ní ìbéèrè, wọn a sì fi ẹni tó bá ṣì í ṣe yẹ̀yẹ́. Nàfísàt, ọmọ oníbúrẹ́dì, ló ń kó wọn jọ. Mọ́fẹ́yìsára sọ fún àǹtí rẹ̀ pé ìwé ibẹ̀ kò yàtọ̀ sí ayò tí àwọn àgbà ń ta, kìkì ariwo.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, Àbẹ̀bí wà ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tí Nàfísàt wá kanlẹ̀kùn.

“Mọ́fẹ́yìsára, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ní.”

“Ṣé o ò lè ka ohun tí mo kọ síbẹ̀ ni?” Mọ́fẹ́yìsára kò dìde. “Ohun yòówù kó jẹ́, lẹ́yìn ìdánwò ni mo máa gbọ́ ọ.”



“Kò burú,” Nàfísàt ní. “Lẹ́yìn ìdánwò náà ni.”

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí Àbẹ̀bí wálé wá jẹun ọ̀sán, Mọ́fẹ́yìsára pè é sójú fèrèsé. Nàfísàt àti àwọn yòókù ń bọ̀ láti ilé-ìwé, gbogbo wọn wọ yunifọ́ọ̀mù, wọ́n ń mu ọsàn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

“Ẹ wo àwọn tó fẹ́ bá mi dù ú, Àǹtí.”

Àbẹ̀bí ní bóyá ó ti rẹ̀ wọ́n ni. Mọ́fẹ́yìsára ní orí òfìfo kì í pẹ́ rẹ̀, ó sì padà sídìí ìwé.

Láàárọ̀ Sátidé, ó lọ yunifọ́ọ̀mù rẹ̀, ó mú pẹ́ńsù méjì àti rúlà, ó jáde ní aago mẹ́jọ. Títì dá. Níwájú ilé kọ̀ọ̀kan, àwọn ènìyàn ń kó gọ́tà, wọ́n ń ṣán koríko. Wolé-wolé kan dá a dúró, ó bi í bóyá kò mọ̀ pé kò sí lílọ bíbọ̀ títí di aago mẹ́wàá. Ó fi káàdì ìdánwò hàn án. Ọkùnrin náà wo káàdì, ó wojú rẹ̀, ó ní kó máa lọ. Mọ́fẹ́yìsára fọwọ́ bo imú kọjá lára àwọn tó ń kó ẹrọ̀fọ̀. Ó rò ó nínú ara rẹ̀ pé ẹni tí kò bá lè di ìwé mú, ṣọ́bìrì ni yóò dì mú.

Kò bá ẹnì kankan lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé àyàfi Bàbá Àdìó tó ń ṣọ́ ọgbà. Inú rẹ̀ dùn pé òun ló kọ́kọ́ dé.

Bàbá Àdìó gba káàdì náà, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì sọ fún un pé nítorí ìmọ́tótó ti òní, àná ni wọ́n ti ṣe ìdánwò ọ̀hún.