Ilẹ̀kùn Tí Tinúadé Tì

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin òbí, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ sá lọ. Ìdí ọ̀rọ̀ ń bẹ nísàlẹ̀.

1.
Ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nítòsí Ẹnuwá, ní Ilé-Ifẹ̀, olùkọ́ àgbà kan wà tó ń jẹ́ Ìyáàfin Tinúadé. Ọmọ kíláàsì rẹ̀ pọ̀ rẹpẹtẹ, síbẹ̀ wọn kì í pariwo, òun náà kì í mú pàṣán. Kí ló ń ṣe fún wọn? Gbogbo wa la fẹ́ mọ̀. Láràárọ̀, yóò ti ilẹ̀kùn, yóò ti fèrèsé. Tó bá fi máa ṣí i, kẹ́kẹ́ á ti pa mọ́ wọn lẹ́nu.

2.
Sùmáyà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ olùkọ́ ni. Ọ̀gá ilé ìwé fà á lé Tinúadé lọ́wọ́ pé kó mú un mọ iṣẹ́. Àwọn ọmọ tí wọ́n fún un ń gun tábìlì, ohùn rẹ̀ há. Ó lọ kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Tinúadé.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n jókòó sẹ́yìn kíláàsì yín, kí n kàn máa wò yín. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí, àmọ́ apá mi ò ká a."

"Ìyà ni wọ́n fi kọ́ èmi. Ìwọ náà lọ jẹ tìẹ!"

Ó ti ilẹ̀kùn. Kí sáà náà tó parí, Sùmáyà ti fiṣẹ́ sílẹ̀. Ó dùn mí. Ẹni tó rọ́pò rẹ̀ náà ò pẹ́ kó tó lọ.

3.
Nígbà tí kò sí olùkọ́ mọ́, wọ́n kó kíláàsì méjèèjì pọ̀ lé Tinúadé lórí. Ọgbọ́n rẹ̀ ò ká wọn. Ó pariwo títí ohùn fi bà jẹ́ lọ́fun rẹ̀. Dókítà ní kó má kọ́ni mọ́. Iṣẹ́ tó fẹ́ràn bí ẹ̀mí rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

4.
Lọ́jọ́ kan, ó ń kọjá níwájú ilé ìwé kan ní Ẹdúnàbọ̀n. Kíláàsì kan pa rọ́rọ́. Ó yọjú lójú fèrèsé tó ṣí sílẹ̀ gbayawu. Sùmáyà ló rí! Ó ń fi ohùn jẹ́jẹ́ pa àlọ́. Níbi tí ìjàpá ti fẹ́ ṣí igbá, ó dákẹ́.

"Ìyókù di ẹ̀yìn ìṣirò o."

Kíá, àwọn ọmọ ti fa ìwé yọ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, gbogbo àṣírí náà ò jù bẹ́ẹ̀ lọ! Ohun tí Tinúadé ń tìlẹ̀kùn mọ́ gan-an nìyẹn.

"Ta ló kọ́ ọ?" Ohùn rẹ̀ ò fẹ́ jáde.

Sùmáyà kúnlẹ̀ kí i. "Olùkọ́ kan níbí ni, mà. Ó kàn ní kí n wọlé wá jókòó."

Omi bọ́ lójú Tinúadé.

Ẹ̀yin àgbà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ ṣọ́ra o! Ẹ má tìlẹ̀kùn mọ́ ẹni tó fẹ́ kọ́ṣẹ́. Bó bá sá lọ, orí yín ni ẹrù rẹ̀ ń bọ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́.